Mo Dijú, Mo Ṣe Àmín

"Ẹlẹ́rìí, dúró ná," Akọ̀wé, ẹ̀rọ iṣẹ́ mi, sọ sí mi létí. "Àbájáde ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí ti dé."

Àsìkò tó yàn láti sọ ọ́ ò dáa rárá. Bàbá Olówóòkéré ti ju hóró oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rẹ̀ sẹ́nu lójú mi nínú ẹ̀rọ ara ògiri, ó ti fi omi lé e, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì sí mi láti ṣàdúrà. Ta ni yóò pa àgbà lẹ́nu mọ́ nítorí ẹ̀rọ? Mo kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì yàrá mi, mo dijú.

"Ìrètíọlá ọmọ mi," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ń dún kùbẹ̀kùbẹ̀, bí ti ẹni tí òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "O ò ní fẹsẹ̀ kọ."

"Àmín."

Mo gbọ́ tí ó húkọ́ sínú ọwọ́.

"Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ga, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ẹ." Ohùn rẹ̀ ti já gaara báyìí.

"Àmín, Bàbá."

"Ilẹ̀ onílẹ̀ yìí ò ní gbé ẹ mì."

"Àmín o."

Nígbà tí mo lajú, awò ẹlẹ́rìí tó wà lójú mi náà lajú, Bàbá sì padà sórí ògiri. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. Ó ní kí n rí i pé mo jẹun kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó juwọ́, ó pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Bọ́tìnnì méjì yọ níwájú mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń yọ láràárọ̀: MO RÍ I. N KÒ RÍ I.

Ìka mi ti ń lọ sí ti àkọ́kọ́. Fún oṣù mẹ́fà tó ń lọ sópin yìí, òun nìkan ni mo ń tẹ̀ fún Bàbá.

"Ìwọ ha rí i bí ó ti gbé e mì bí?" Akọ̀wé bèèrè. Inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ yìí ní Yorùbá, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ̀rọ̀ bíi kátíkíìsì tó ń dúró de owó ìgbà.

"Kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wí fún mi."

"Oògùn tí a bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì èyí tí ó yẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó kù kí ọgọ́sàn-án ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìwọ sì ti ń jẹ́rìí lójoojúmọ́ pé ó ń gbé e mì. Nítorí náà, irọ́ wà lẹ́nu ẹnìkan: ìwọ tàbí ẹ̀jẹ̀."

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?"

"Ìwọ yóò dáhùn kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí ìwọ bá wí pé o rí i, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò gba oògùn. A ó sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì láti ọ̀la lọ. Bí ìwọ bá wí pé o kò rí i, aláìgbọràn ni. Ọkọ̀ yóò lọ gbé e lọ sí Erékùṣù."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Kí n má purọ́ mọ́ Erékùṣù, ilé ìyàsọ́tọ̀ tó dára ni. Ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, oúnjẹ ibẹ̀ dáa ju èyí tí mò ń sè lọ, wọ́n sì gbin òdòdó yí i ká. Oṣù méjìdínlógún ni ènìyàn ń lò níbẹ̀ láìfojú kan ará ilé rẹ̀. Mo ti fi ìka mi rán Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́ ló pa á. Oṣù karùn-ún ló ní òun ò jẹun mọ́, àpótí ló sì bá padà wálé. Bàbá Olówóòkéré ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ìlọ́po méjì ńkọ́? Ní oṣù kejì tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹyinjú Bàbá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti rẹ̀, wọ́n sì dín oògùn kù fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá di ìlọ́po méjì ru irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn fẹ́ sin ẹni tó ni ín ni.

Oògùn yìí kì í gbénú ènìyàn kó má fọhùn. Á sọ itọ̀, òógùn àti omijé ẹni di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọrùn bùbá funfun tí Bàbá ń wọ̀ láràárọ̀ ti di àwọ̀ ọsàn, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti di igi eléso. Ṣùgbọ́n bùbá tó wọ̀ láàárọ̀ yìí funfun báláú. Ó ti ń funfun bọ̀ láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, èmi sì rò pé ìyàwó rẹ̀ rí ọṣẹ gidi rà ni.

"Akọ̀wé, fi àkọsílẹ̀ ojú mi hàn mí."

"Fún ìdí wo?"

"Ṣáà fi hàn mí."

Àwọn ará Ìlú Yìnyín tí à ń gbé yìí fẹ́ràn ìkọ̀kọ̀ wọn ju ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ. Òfin wọn ni pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wo inú yàrá ẹnikẹ́ni, àfi bí ojú ènìyàn bá ń bá a wò ó. Nítorí náà, bí mo bá lajú, awò rí. Bí mo bá dijú, awò fọ́jú. Gbogbo ìgbà tí ojú mi bá sì ti pa dé ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ó ń fi ìlà dúdú kan sínú àkọsílẹ̀.

Ìlà náà jáde sórí ògiri. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí dúdú kankan. Láti ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: dúdú lónìí, funfun lọ́la, dúdú, funfun, dúdú. Bàbá ń ṣàdúrà fún mi lọ́jọ́ kan, kì í ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn ló ń ṣe é. Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Èmi ò mọ̀ pé oògùn náà ń gbó níbẹ̀.

Ẹ̀bi ta ni? Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́, ọkùnrin gíga kan ní kí á máa pariwo rẹ̀ bí ọmọ ológun: Ya ẹnu! Gbé ahọ́n sókè! Yí i sọ́tùn-ún! Yí i sósì! Mo há a sórí. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n fi Bàbá sábẹ́ mi, mo ya ẹnu láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì há mi lọ́fun. Ọkùnrin tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló ń sọ fún àgbàlagbà pé kó yọ ahọ́n sí òun? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo sì fo àṣẹ náà. Torí pé àwọn aláìsàn wa ń sá fún àwọn ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ èdè wọn ni ìjọba ṣe gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ ènìyàn kí. Ó dáa, mo kí i.

Mo wọ kóòtù, mo sọ fèrè àyẹ̀wò kan, èyí tó ń pọ́n bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà nínú èémí ẹni tó fọn ọ́, sínú àpò, mo fi ìbòmú bo imú, mo sáré lọ wọ rélùwéè.

Nínú ọkọ̀, mo bọ́ awò náà, mò ń nù ún. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ ìbúra wa sí apá rẹ̀, lẹ́tà kékeré bí èèrà: Ojú mi ni ó jẹ́rìí, bí mo bá dijú, tèmi ni ẹ̀bi. Nítorí náà, ìdáhùn kẹta wà tí kò sí lórí bọ́tìnnì. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́wọ́. Bí ó bá jẹ́wọ́, wọn ò ní gbé aláìsàn lọ síbì kankan, yóò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní nínú ilé ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ní tirẹ̀ yóò dá awò padà, yóò kó kúrò nínú yàrá ìjọba, kò sì ní ṣe iṣẹ́ náà mọ́ títí ayé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo wọ awò padà, mo ń wo òde. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Bàbá ná. Irọ́ ni, mò ń wá ẹni tí n óò di ẹ̀bi náà lé lórí ni.

Àjà keje ni wọ́n ń gbé. Lókè ẹnu ọ̀nà wọn, bí ó ti wà lókè ẹnu ọ̀nà gbogbo ní ìlú náà, iná kékeré kan ń ka àwọn tó ń mí nínú ilé. Iye ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kà, kò gbọdọ̀ dárúkọ. Ó kọ ọ́ báyìí: ÈÉMÍ 2.

Yìnyín ti dá rélùwéè dúró lójú ọ̀nà, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Aago márùn-ún ìdájí ni ìyàwó Bàbá máa ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ilé Arúgbó, níbi tó ti ń dáná. Mo kanlẹ̀kùn.

Bàbá ló ṣí i. Ó kúrú ju bí ó ti máa ń rí lára ògiri mi lọ. "Ìrètíọlá? Ṣé kò sí o? Àbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?"

"Èmi nìkan ni. Ìyá Dúródọlá ti lọ síbi iṣẹ́."

Mo gbójú sókè wo iná náà. Òun náà wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọkùnrin yìí ti rántí gbogbo nǹkan, ó gbàgbé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Kí ó tó rí irọ́ mìíràn pa, ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ikọ́ gígùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Ìrètí, má wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́."

Kò sí bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé tí kì í dun ọmọdé. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo wọlé.

Ìyá Dúródọlá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lára rẹ̀. Ó gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn, àmọ́ ẹ̀rín tó rín sí mi tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tó gbé orí lé lára ìrọ̀rí ti di àwọ̀ ọsàn.

"Bàbá Dúródọlá, ẹ ò sọ fún mi pé ó ń bọ̀! Ṣé ìwọ ni Ìrètíọlá? Ohùn ẹ nìkan ni mo ń gbọ́ láti inú yàrá yìí. Súnmọ́ mi, ọmọ mi. Rárá, má súnmọ́ mi, dúró níbẹ̀ yẹn. Ohun tí o ń ṣe fún mi yìí, Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún ẹ."

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Oògùn tí o ń bá mi fi ránṣẹ́ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ògiri ń gbọ́. "Bàbá Dúródọlá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, pé o ń yọ́ ọ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀gá ẹ má baà mọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó na ọwọ́ sí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú sọ́sà kan. Hóró oògùn kan wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù, etí rẹ̀ kan sì ti ń yọ́.

"Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún nìyí," ló wí. "Ó máa ń rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kí Bàbá Dúródọlá bá mi sọ fún ẹ kí o máa dì í dáadáa. Bóyá òtútù ìta ni."

Mo wo Bàbá. Ó ń wo fèrèsé.

Ìyá ti gbé hóró náà sẹ́nu ọ̀nà ètè. "Ẹ dúró, mà," mo ní, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún wọn, tàbí kí n sọ ọ́."

"Ìrètí."

"Bàbá, aago méjìlá ni wọ́n dá fún mi. Ẹ̀jẹ̀ yín ti sọ̀rọ̀."

Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àga. "Àṣàbí," ló pe ìyàwó rẹ̀, "ẹnu mi ló ti ń wá."

"Kí ló ti ẹnu yín wá?"

"Oògùn. Tèmi ni. Mo máa ń fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí mo bá ń ṣàdúrà fún ọmọ yìí, á dijú, èmi á sì tu ú sọ́wọ́. Mò ń fi omi ṣàn án. Mò ń ṣàn án dáadáa."

Ìyá Dúródọlá wo hóró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà sínú sọ́sà jẹ́jẹ́.

"Ẹ ń fi àdúrà bojú?"

"Àdúrà náà kì í ṣe irọ́!" Bàbá wò mí nígbà tó sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Gbogbo ohun tí mo wí fún un ni mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la ti ń jẹun nínú àwo kan. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Kí n wá jókòó, kí n máa dá ìyè jẹ, kí n máa wò ọ́ bí o ṣe ń húkọ́?"

"Kí ló dé tí Ìyá ò fọn fèrè, kí wọ́n fún wọn ní tiwọn?" mo bèèrè. "Ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn. "Ìlú yìí ni wọ́n ti bí ẹ, ìdí nìyẹn tí o fi ń bèèrè. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń gbé níbí, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ arúgbó, tí fèrè bá ti pọ́n lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ìwé iṣẹ́ kú. Oògùn ni wọ́n á fi sin ín dé etí bèbè: ọjọ́ tó bá lo èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n á ní kó máa lọ. Ìlú yìí á kọ́kọ́ wò ẹ́ sàn, kó tó lé ẹ. Ta ló ń kánjú parí irú oògùn bẹ́ẹ̀? O rò pé àwa nìkan ni? Lọ wo àwọn tó ń gbé ní àjà kẹta."

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé *aláìsàn kò bìkítà*. Bọ́tìnnì tirẹ̀ wà.

Mo yíjú sí Ìyá. "Àwọn arúgbó tí ẹ ń dáná fún ńkọ́, mà?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo ti gba ìsinmi. N kò dé ibẹ̀ mọ́."

"Ṣáájú ìyẹn?"

Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n. Omijé kan ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì pọ́n bí ọsàn. "Ìbòmú ò kúrò nímú mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo ń sọ fún ara mi pé ó tó."

"Mà, ìdajì oògùn kì í pa ikọ́. Ó ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Á mọ oògùn náà lójú, á sì di pé odindi rẹ̀ pàápàá ò ràn án mọ́. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, Bàbá á parí ọgọ́sàn-án ọjọ́, ìwé á sọ pé wọ́n ti sàn, ẹ̀yin méjèèjì á sì kú."

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí.

"Mú fèrè yẹn wá," Ìyá Dúródọlá wí.

Bàbá dìde. "Àṣàbí, máà ṣe é!"

"Bàbá Dúródọlá, ẹ jókòó." Kò pariwo. "Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín débi pé n kò fẹ́ wojú yín báyìí. Ṣé ẹ bi mí? Ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹ bù lára ẹ̀mí yín fún mi? Ẹ fún mi ní ìdajì, ẹ mú ìdajì, kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan." Ó gba fèrè lọ́wọ́ mi, ó fi sẹ́nu, ó fọn ọ́ títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Fèrè náà pọ́n. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"A ti rí èémí aláìsàn tuntun," Akọ̀wé sọ sí mi létí. "Iṣẹ́ rẹ̀ parí lónìí. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ tí oògùn rẹ̀ bá parí."

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe sọ ọ́. Bàbá bo ojú.

"Ọgọ́sàn-án ọjọ́," Ìyá wí. Ó ti dùbúlẹ̀ padà, ó ń mí gùlegùle. "Ó dáa náà. Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń lé."

Bàbá ṣí ojú, èmi ló sì dojú kọ. "O ti tú ilé mi ká. Gbogbo àdúrà tí mo ṣe fún ẹ, èrè rẹ̀ nìyí?"

Mo bọ́ síta, mo dúró sábẹ́ iná tó ń ka èémí. Ó ti kọ ọ́ sí 2 padà.

"Ẹlẹ́rìí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ó kù," Akọ̀wé wí. "Ìwọ ha rí i bí?"

Bọ́tìnnì méjèèjì yọ sí afẹ́fẹ́ níwájú mi. Ó rọrùn. Bí mo bá tẹ èyí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò purọ́. Bí mo bá tẹ ìyẹn, Bàbá ni. Ó sì ti bínú sí mi ná, kí ló tún kù láti bàjẹ́ láàárín wa? Mo ronú kan Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi. Òun náà máa ń ṣàdúrà fún mi. N kò bi í rí ìdí tí kò fi lo oògùn, mo kàn tẹ bọ́tìnnì.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dijú."

"Ìdáhùn yìí kò sí lórí bọ́tìnnì."

"Ó wà lára awò. Kà á."

"Kí ni ìdí tí ìwọ fi dijú?"

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ̀rọ? "Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi," mo ní. "Àgbà ni wọ́n. N kò sì ní kí wọ́n ya ẹnu, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀bi ẹlẹ́rìí ni."

"A ti kọ ọ́. Aláìsàn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní nínú ilé ara rẹ̀. A ó gba awò rẹ lẹ́yìn ọjọ́ méje, nígbà tí a bá rí arọ́pò. Ìwọ kì yóò jẹ́rìí mọ́ láéláé."

Mo rò pé yóò fi *Ọlọ́run bùkún fún ọ* kún un, ṣùgbọ́n kò fi kún un. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé nínú yìnyín náà. Mo sunkún títí inú awò fi kún fún omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ló yọ lára ògiri mi, wọ́n jókòó lórí àga kan náà. Sọ́sà méjì, ife omi méjì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ìyá dáhùn. Bàbá ń wo inú ife omi rẹ̀.

Wọ́n ju oògùn sẹ́nu, wọ́n mumi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó ti há mi lọ́fun láti oṣù mẹ́fà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ya ẹnu. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Ìyá yà á. Ó yí ahọ́n sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Bàbá." "Ẹ dákun, sà. Ẹ ya ẹnu."

Bàbá Olówóòkéré di ètè pọ̀. Ó kàn jókòó ni, ojú rẹ̀ le, èmi náà ò sì gbójú kúrò. Ogún ìṣẹ́jú àáyá kọjá. Ọgbọ̀n. Mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wú díẹ̀, tàbí ìbẹ̀rù ló fi hàn mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dúródọlá ò sọ fún un pé kó yà á. Ohun tó ṣe ni pé ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ìrètíọlá."

"Mà." Orúnkún mi ti mọ ohun tó kàn, ìpéǹpéjú mi náà ti ń wálẹ̀.

"Má dijú o!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé ó húkọ́. "La ojú ẹ sílẹ̀, ọmọ mi. La á dáadáa. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí wa, èyí tó sàn jù ú lọ ni wàá rí."

"Àmín, mà."

"Ojú tí o fi wò wá, kò ní rí àbámọ̀."

Mo lajú sílẹ̀ títí ó fi ń ta mí, mò ń wo ẹnu ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Àdúrà ti lọ, kò sì sí àgbà Yorùbá tó lè jẹ́ kí àdúrà bọ́ sílẹ̀ láìgbè é, ì báà bínú títí.

"Àmín," ni Bàbá wí, ó lanu gbàgà. Inú ẹnu náà ṣófo.

Mo tẹ MO RÍ I.